Ìjì Tí Kò Jà Kò Sọ Olùkìlọ̀ Di Òpùrọ́

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ inú òwe yìí kò dúró kó fojú rí ogun kó tó gbéra. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ogun ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn ló ti wá ibi ìsádi lọ. Ká ní ogun náà yà gba ọ̀nà mìíràn, ta ni yóò bú u pé ó sá lásán?

Síbẹ̀, irú èébú bẹ́ẹ̀ la ń bú àwọn tó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́ fún wa. Bí NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, bá kéde pé ìjì líle lè jà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́sàn-án, tí ilẹ̀ wá ṣú láìsí ewé kan tó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí ẹ ó gbọ́ lọ́jà Òkè-Ajé ni pé: “Wọ́n tún ti parọ́ o!” Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjì tí kò jà kò sọ ẹni tó kìlọ̀ di òpùrọ́. Àmọ́ ẹni tó kìlọ̀, tí kò padà wá jábọ̀ fún wa, ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìjì ṣe ń jà. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, kí òjò tó fìdí múlẹ̀, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ni ìjì máa ń le jù lọ́dọ̀ wa. Ooru ọ̀sán á gbé afẹ́fẹ́ olómi tó ti ojú òkun wá lọ sókè, á di ìkùukùu ńlá. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ látinú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù á já wálẹ̀ tagbáratagbára, á sì sáré ṣíwájú òjò. Òun ló ń ká páánù lórí ilé, òun ló ń wó oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjì bẹ́ẹ̀ máa ń ti ìlà-oòrùn wá, láti apá Òǹdó, tí á dorí kọ ìwọ̀-oòrùn.

Láàárọ̀, onímọ̀ ojú ọjọ́ lè rí i pé ọjọ́ náà gbóná, ó sì lọ́rinrin tó láti bí ìjì. Ìlú tí ìjì náà máa já lé lórí gan-an kò ní hàn sí i títí ìkùukùu fi máa kóra jọ, nígbà tí kò ní ju wákàtí mélòó kan lọ mọ́. Àwọn àgbà ní eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ó lè ya páánù ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí eruku ṣì máa sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìpínlẹ̀ Ògùn sì fẹ̀: láti ibodè Ìdí-Ìrókò títí dé inú igbó J4 létí Òǹdó. Ẹni tó ní ìjì kò jà, àdúgbò tirẹ̀ nìkan ló rí.

Àwọn tó ń ráhùn náà ní ẹjọ́, agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà. Ìyá tó palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́sàn-án gangan pàdánù owó ọjọ́ náà. Olóde tó ní kí wọ́n tú àtíbàbà náwó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ti sá fún ìjì tí kò wá lẹ́ẹ̀mẹta lè kọ̀ láti sá lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀kẹrin náà sì lè jẹ́ èyí tó máa pani. Mo gbà. Ṣùgbọ́n owó ọjà ọ̀sán kan ṣeé rí padà. Ẹ̀mí kò ṣeé rí padà.

Ẹ rántí ọkọ̀ òfuurufú iléeṣẹ́ ADC tó ń ti Àbújá lọ sí Sókótó ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, ọdún 2006. Ìjì wà nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì ti sọ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ fún awakọ̀. Ó gbéra bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà já láìpẹ́. Ó lé ní 90 èèyàn tó kú, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára wọn. Àwọn tó ṣèwádìí sọ pé ìpinnu awakọ̀ láti gbéra nínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló fa ìjàǹbá náà. Ká ní ó dúró, bóyá ìjì náà ì bá kọjá láìṣe nǹkan kan, kí àwọn èrò sì máa kùn pé ó fi àkókò àwọn ṣòfò. Ìkùnsínú yẹn ì bá dára ju ẹkún lọ. Gbogbo ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ọdún 1987, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan tó ń jẹ́ Michael Fish fi ọkàn àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n balẹ̀ pé kò sí ìjì ńlá kankan tó ń bọ̀. Lóru ọjọ́ náà, ìjì wó igi bíi mílíọ̀nù 15, èèyàn 18 sì kú ní Bìrìtìkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ètò ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ kalẹ̀ lọ́dún 1988. Láti ọdún 2011, àwọ̀ tí wọ́n ń fi kìlọ̀ ń sọ ohun méjì pọ̀: bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀, àti bí yóò ti ba nǹkan jẹ́ tó. Ará wa tó ń gbé ní London mọ̀ pé ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè yàtọ̀ sí aláwọ̀ pupa.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Láti ọdún 2003 ni òfin ti dá NiMet sílẹ̀, wọ́n sì ní ibùdó ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Kí wọ́n má fi orúkọ ìpínlẹ̀ nìkan kìlọ̀ fún wa. Kí wọ́n sọ apá ibi tí ẹ̀rù ń bà wọ́n fún, àti wákàtí tí ó lè jẹ́. Bó bá jẹ́ nínú ọjọ́ mẹ́wàá tó rí báyìí, ìjì máa ń jà ní méje, kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá lórí rédíò, ká lè mọ̀ pé mẹ́ta tí kò jà wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n padà wá sọ ibi tí ìjì gbà, ibi tí kò gbà, àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń ka àṣìṣe rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ayé la máa ń gbà gbọ́.

Iṣẹ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ ń yí padà. Kí a yé gba ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn lórí WhatsApp, ká wá fi bú ẹni tó ti yí ọ̀rọ̀ padà láàárọ̀ òní.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di kánjúkánjú fún wa. Ọdún Ojúde Ọba tí a ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ń tẹ̀lé Iléyá, Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ 11 yá lọ́dọọdún. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà la ṣe é lọ́dún 2024, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà lọ́dún 2025. Láìpẹ́, yóò gba inú oṣù Karùn-ún bọ́ sí oṣù Kẹrin, àárín gbùngbùn àsìkò ìjì. Ẹ ro ti àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí à ń pè ní regbéregbé lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ẹlẹ́ṣin, àti ọ̀kẹ́ àìmọye èrò tó yí wọn ká. Kí àwọn tó ń ṣètò ọdún náà jókòó pẹ̀lú NiMet nísinsìnyí, kí wọ́n yan ẹni tó máa pàṣẹ pé kí èrò kúrò lábẹ́ àtíbàbà, kí wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Bó bá pàṣẹ, tí ìjì kò wá, kí a padà síbi ìjókòó wa, kí a máa bá ọdún wa lọ, kí a sì tún gbọ́ràn sí i lẹ́nu nígbà mìíràn.