Ojú Ìpàdé Ni Kí A Ti Wọn Agbára Ike

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ wo ẹ̀yìn àga oníke dáadáa. Nítòsí àwọn ihò tó wà níbẹ̀, ẹ lè rí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Kì í ṣe pé ẹnìkan fi ọ̀bẹ ha á o. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ti ike tó ti yọ́ sínú mould, ike náà pín sí méjì láti kọjá lára irin tó dá ihò náà sí, ó sì tún pàdé ara rẹ̀ lódìkejì. Ibi ìpàdé yẹn ni weld line. Bí iwájú méjèèjì bá ti ń tutù kí wọ́n tó pàdé, wọn kì í wọnú ara wọn tán, wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ra ni. Ibi tí okùn bá sì ti tẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti já.

Nanocomposite ló wà lóde báyìí. Ẹ po amọ̀ díẹ̀ mọ́ ike, ó le sí i. Òótọ́ ni: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Toyota ti fi nylon 6 tí a po amọ̀ mọ́ ṣe ìdérí timing belt ọkọ̀. Ewé amọ̀ náà nípọn tó nǹkan bíi nanometer 1 péré.

Ṣùgbọ́n lójú ìpàdé, bí ike ṣe ń ṣàn máa ń mú kí àwọn ewé yìí sùn gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Wọn kì í sọdá rẹ̀, nítorí náà wọn kò lè rán an pọ̀. Amọ̀ tó fún ibòmíràn lágbára lè má ran ibẹ̀ lọ́wọ́ rárá, ó tilẹ̀ lè dá kún àìlera rẹ̀. Bí a bá mú kí ike àti mould gbóná sí i, ó máa ń dára díẹ̀, àmọ́ kì í sábà tán pátápátá.

Ẹjọ́ tí mo wá rò nìyí. Ọ̀pá tí a máa ń fà nínú project wa, ẹnu kan ni ike gbà wọ inú mould rẹ̀, kò ní ìpàdé kankan. A ó wá kọ ọ́ pé ike wa dára fún àga àti fún ọkọ̀! Ẹ jẹ́ ká tún ṣe ọ̀pá tí ike gba orí méjèèjì wọ̀, ká fa òun náà. Ká ní ti àkọ́kọ́ já ní 40 MPa, tí èkejì já ní 24, ìdá 0.6 péré ló kù. Iye yẹn gan-an ló yẹ kó wà nínú ìwé wa.

Ẹlòmíràn á ní mould ẹlẹ́nu méjì wọ́n. Mo gbà. Ṣé kíkọ gbólóhùn kan pé a kò dán ojú ìpàdé wò náà wọ́n ni? Ẹni tó máa jókòó lé àga náà kò ní ka ìwé wa. Àwa ló yẹ ká bá a rò ó.