Ta Ni Ọmọ Onílẹ̀ ní Kàdúná?

Bí ará Kánò tàbí ará Zaria bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ onílẹ̀, ó ní ìtàn tí yóò pa. Kàdúná kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1913 ni Lugard bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ dó létí odò, lórí ilẹ̀ tí àwọn Gbàgyí ti ń dáko. Nígbà tí yóò fi di 1917, ó ti di olú-ìlú Àríwá. Rélùwéè àti iṣẹ́ ọba ni ó kó Haúsá, Nupe, Ìgbò àti Yorùbá jọ síbẹ̀. Àwọn mìíràn tún dé lẹ́yìn 1957, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ Kaduna Textile bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kakuri. Bí a bá yọ àwọn Gbàgyí kúrò, ta ni kì í ṣe àlejò níbẹ̀?

Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí Kàdúná, tí baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì níbẹ̀, bí ó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í. Wọn a ní kí ó lọ gbà á ní ìlú baba rẹ̀. Bí ó bá sì dé Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, wọn a máa wádìí agbolé rẹ̀, wọn a sì máa fi Yorùbá rẹ̀ tí ohùn Haúsá ti wọ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn kan a pa á lówe pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ẹni tí a bí sí àjò ńkọ́? Níbo ni ilé rẹ̀?

Abala 42 ìwé òfin 1999 kò fàyè gba kí a fi ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá yà á sọ́tọ̀. Abala 147 ìwé òfin kan náà sì ní kí Ààrẹ mú mínísítà kan, ó kéré tán, láàrin àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìsọ ẹni tí ọmọ ìbílẹ̀ í ṣe. Inú àlàfo yìí ni àwọn akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ń jókòó sí tí wọ́n ń pín ìwé.

Ṣùgbọ́n kí a tó nàka sí Kàdúná, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Láti 1916 ni Sábó Ìbàdàn ti wà. Ẹni tí wọ́n bí baba baba rẹ̀ síbẹ̀, Gàm̀bàrí ni a ṣì ń pè é. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni ó sì ti gba owó tí ó ga ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá. Kí ìpínlẹ̀ gbogbo, tiwa àti ti Kàdúná, fi iye ọdún tí ènìyàn ti gbé ìlú àti owó orí tí ó ń san rọ́pò ìwé ọmọ ìbílẹ̀.