Sùúrù Wa Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́

Bí sáà bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ariwo méjì péré ló máa ń gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, ìyẹn 3SC. Ariwo àkọ́kọ́ ni: "Ife la fẹ́ lọ́dún yìí. Tí kóòṣì ò bá lè gbé e wá, kó máa lọ ilé ẹ̀." Ariwo kejì ni: "Ẹ ní sùúrù, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, ṣebí a ṣì ń tún ẹgbẹ́ yìí kọ́ ni." Àwọn tó ń pa ariwo méjèèjì máa ń fẹ́ bára wọn jà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Àmọ́ oore kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe fún àwọn tó ń darí ẹgbẹ́: wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò. Ẹni tó ń bèèrè ife lọ́dọọdún ti di gbogbo ẹ̀bi ru kóòṣì. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún sùúrù láìsọ ọjọ́ tí sùúrù náà máa parí ti sọ pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi rárá. Àwa ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Ohun tó yẹ ká retí ní sáà tó ń bọ̀ kì í ṣe ife, kì í sì í ṣe sùúrù lásán. Ìṣirò ni.

Ẹ lè bèèrè pé kí ló kan àwa ọmọ Iyamoye nínú ọ̀rọ̀ Ìbàdàn. Ìbéèrè tó dáa ni. Lábẹ́ Àríwá ni wọ́n to àwa Yorùbá Òkun sí láyé ìjọba àwọn òyìnbó. Ní 1967 a di ará ìpínlẹ̀ Kwara, ní 1991 a di ará Kogi. Lórí ìwé, a ò bá Ìbàdàn pín nǹkan kan. Ṣùgbọ́n títì tó ti Kabba wá, tó gba Iyamoye kọjá, Òmùò-Èkìtì ló forí lé, ibẹ̀ lèèyàn sì ti ń gba ilẹ̀ Èkìtì lọ sí Ìbàdàn. Èdè wa náà, ọ̀nà yẹn ló gbà. Wọ́n pín wa sí ìpínlẹ̀, wọn ò rí etí wa pín. Ẹgbẹ́ kan láti Kogi kò sì tíì gba líìgì Nàìjíríà rí. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé-ìwé níbí, tó ń rò ó pé òun náà lè di nǹkan, ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ńlá tó wà lọ́nà ọ̀hún ló máa lọ kàn. Tí ẹni tó wà nínú ilé bá ti sùn lọ, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá àwọn oní-ife lóhùn.

Kò sẹ́ni tó lè gba ìtàn mọ́ 3SC lọ́wọ́. Ní 1976, nígbà tó ń jẹ́ IICC Shooting Stars, ó na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-2 tí a bá ro ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, Mudá Lawal wà níbẹ̀. Ní 1992, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá CAF Cup, 3SC ló gbà á lọ́wọ́ Villa ti Uganda. Nínú líìgì, wọ́n gba ife ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Ìgbà márùn-ún.

Ẹ wo ọdún tó gbẹ̀yìn nínú márààrún yẹn dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1998 ti jáde yunifásítì, ó ti ṣe agùnbánirọ̀, ó ti ń wá owó ilé fúnra rẹ̀. Kò tíì rí i kí 3SC gba líìgì rí láti ìgbà tó ti lajú. Síbẹ̀, òun gan-an ló máa ń pariwo jù pé ẹgbẹ́ ńlá ni wá, a ò lè wá gbá bọ́ọ̀lù ká má gba ife. Ògo tí bàbá rẹ̀ rí ló fi ń wọn akitiyan ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́. Ogún jíjẹ ni.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní 1984 àti 1996, 3SC dé àṣekágbá ìdíje tó ga jù fáwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì ló borí nígbà méjèèjì, ti 1996 sì le débi pé pẹnáritì ni wọ́n fi parí ẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ní gbogbo Áfíríkà, ẹ̀ẹ̀mejì! Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn mọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ṣe? Lójú àwọn oní-ife, ipò kejì àti ipò ìkẹyìn ò yàtọ̀. Níbi tí ipò kejì bá ti jẹ́ òfo, kò sí kóòṣì tó máa fara balẹ̀ kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà ẹsẹ̀ tó lè gba pọ́ìǹtì fún un lónìí ló máa wá, kí wọ́n má bàa lé e lọ́la.

Ohun tó tún pa wá lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tí ò lè mú sùúrù fún kóòṣì ilé ni wọ́n ń gba àdúrà fún Arsenal. Mikel Arteta dé Arsenal ní oṣù Kejìlá 2019. Lóòótọ́, ó gba FA Cup ní 2020. Nínú líìgì ńkọ́? Ipò kẹjọ. Lọ́dún kejì, ipò kẹjọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣe ipò karùn-ún, kó tó wá ṣe ipò kejì fún sáà mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Ní gbogbo àsìkò yẹn, "trust the process" ni wọ́n ń kọ sí status WhatsApp wọn. Kò burú, ẹ gba process gbọ́. Àmọ́ ẹni tó fún ará Sípéènì ní ọdún márùn-ún, kí ló dé tí kò lè fún ọmọ Yorùbá bíi tiẹ̀ ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún?

Ẹ̀yin oní-sùúrù, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ó kàn yín.

Ní 2017, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló já kúrò nínú líìgì àgbà. 3SC wà nínú wọn. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ náà wà nínú wọn. Ní 2021, àwọn méjèèjì tún jọ gòkè padà. Ẹ fi ọkàn sí i o: ọdún kan náà ni wọ́n já, ọdún kan náà ni wọ́n gòkè. Ní sáà 2022/23, Remo ṣe ipò kejì. Ní 2023/24, ipò kejì náà ni. Ní 2024/25, wọ́n gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí 3SC ti gba gbogbo ife líìgì tó ní títí di òní nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé sùúrù nìkan ló ń kọ́ ẹgbẹ́, ṣé sùúrù àwọn ará Rẹ́mọ ni wọ́n fi omi pò ni, tí tiwa ò fi mọ?

A mọ èsì tí ẹ máa fọ̀. Ẹ máa ní Kúnlé Ṣónàmẹ́ ló ni Remo, ó sì lówó. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni 3SC, ìjọba wo ló tálákà ju ẹnì kan lọ? Owó ṣe pàtàkì, a ò jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi owó ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n kọ́ pápá tiwọn. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, Beyond Limits, tí ọmọdé ti ń dàgbà bọ̀ wá sínú ẹgbẹ́. Daniel Ogunmodede ni kóòṣì wọn nígbà tí wọ́n ṣe ipò kejì, òun ni nígbà tí wọ́n tún ṣe ipò kejì, òun náà ṣì ni nígbà tí wọ́n gba ife. Wọn ò lé e nítorí pé ó pẹ́. Wọ́n rí i pé ó ń sún mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn: sùúrù tiwọn ní ohun tó ń wò.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ sọ́fítíwíà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. "A ń tún un kọ́" ni ọ̀rọ̀ tó dùn jù lẹ́nu ẹni tí kò ní nǹkan kan láti fi hàn. Oníbàárà tó gbọ́n kì í ní ká parí gbogbo rẹ̀ lọ́la, ó mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kì í fún wa lówó ọdún kan kó wá lọ sùn. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, á bèèrè: Kí lẹ ti parí? Kí ló bàjẹ́? Ta ló ń tún un ṣe? Tó bá sì lé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lọ lágbedeméjì nítorí ìbínú, ẹni tuntun á kọ́kọ́ fi oṣù méjì wo ohun tó wà nílẹ̀, á ní kò dáa, á da ìdajì rẹ̀ nù, iṣẹ́ á padà sí oókan. Bí bọ́ọ̀lù ṣe rí náà nìyẹn.

Nítorí náà, nǹkan márùn-ún la fẹ́ ní sáà tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣeé kà.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ kéde ipò tí wọ́n ń lé kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Kì í ṣe "Ọlọ́run á ṣe é." Nọ́ńbà ni ká gbọ́. Tó bá jẹ́ ipò kẹjọ, ẹ sọ ọ́, a ò ní kú.

Èkejì, kí pọ́ìǹtì ilé má ṣòfò. Ogún ẹgbẹ́ ló wà nínú líìgì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ ló jẹ́ ti ilé. Pọ́ìǹtì 57 ló wà nílẹ̀ ní pápá Lékan Sàlámì ní Adámásìngbà. Ẹgbẹ́ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lè pàdánù ní Kánò tàbí ní Abá, a gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́ kó nínú 57 yẹn fún wa, ká máa kà á pọ̀.

Ẹ̀kẹta, owó oṣù. Agbábọ́ọ̀lù tí ò mọ ìgbà tí owó rẹ̀ máa wọlé ò lè sáré títí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Kí wọ́n máa sọ ọ́ ní gbangba lóṣooṣù pé a ti san án. Owó ará ìlú ni, kì í ṣe àṣírí.

Ẹ̀kẹrin, kí kóòṣì parí sáà rẹ̀. Ipò tí wọ́n kéde ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ariwo ọjọ́ Àìkú kan.

Ìkarùn-ún ló ṣe pàtàkì jù fún àwa ará oko. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 3,420. Mélòó nínú rẹ̀ ni ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún gbá? Ẹgbẹ́ tó bá ní òun ń tún ara òun kọ́, tí kò sọ́mọdé kan nínú pápá, irọ́ ló ń pa.

Àwa olólùfẹ́ náà ní ojúṣe. Ẹni tó bá sọ òkò lu rẹfirí ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún gbogbo wa. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀rọ̀ òkò ni wọ́n á máa sọ, kò ní sẹ́ni tó máa rántí bi àwọn ọ̀gá léèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ jókòó, ẹ kọrin. Tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá parí, ẹ bèèrè ìbéèrè.

Àwọn àgbà kan á ní a ti rẹ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, pé ní 1976 ife ni wọ́n ń lé, wọn kì í ka ìṣẹ́jú ọmọdé. Ẹ má bínú, bàbá. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ife tí ẹ rí yẹn, iṣẹ́ ló ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún la sì ní kí wọ́n fi hàn wá.

Wọ́n máa ń sọ pé sùúrù lérè. A gbà. Tí sáà bá parí, kí wọ́n gbé èrè náà síta, ká kà á. Tí mẹ́ta nínú márùn-ún yìí bá pé, a ó fi ọdún kan kún un, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ipò kẹwàá ni ẹgbẹ́ ṣe. Tí kò bá pé, kí ẹnikẹ́ni má lé kóòṣì. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ni kó máa lọ.