Agbára ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yín lórí ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, pé bí agbára ẹ́ńjìnnì bá ṣe pọ̀ tó ni ẹrù rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Rárá o. Jẹnẹrétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Nínú ọkọ̀ oní-mọ́tò AC, iná rẹ̀ á kọ́kọ́ di DC (iná ọlọ́nà kan), ẹ̀rọ inverter á wá sọ ọ́ di AC (iná tó ń yí ọ̀nà padà) tí ìyára rẹ̀ ṣeé yí padà, èyí ló ń lọ sínú mọ́tò tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí onílù ṣe ń lù ni oníjó ń jó: bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ lórí irin, mọ́tò AC kò lè sáré jìnnà ju ìlù inverter lọ, ipá rẹ̀ á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sì tún di irin mú, ni ó fi lè fa ẹrù púpọ̀ sí i.

Ní Wyoming, orí ọkọ̀ SD70MAC oní-mọ́tò AC mẹ́ta (àpapọ̀ agbára ẹṣin 12,000) ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Burlington Northern fi rọ́pò SD40-2 oní-mọ́tò DC márùn-ún (àpapọ̀ agbára ẹṣin 15,000) láti fa èédú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàtúnṣe.

Òǹkàwé yín