Ta Ni Ó Sọ Pé Àárín Àwòrán Kò Ṣeé Jókòó Sí?

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ gbé e mì.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní àdúgbò wa ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Wọ́n ní kí ó lọ ya àgbàlagbà kan. Ó ya ìyá ìyá rẹ̀: màmá jókòó sí àárín gbùngbùn àwòrán, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, ó sì ń wo ẹni tí ń yà á lójú kòrókòró. Olùkọ́ fi gègé pupa kọ ọ́ sí i pé àwòrán náà kú, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà láàárín. Ọmọ padà sílé, ó sún màmá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí ó máa wo ojú fèrèsé. Nígbà tí màmá rí àwòrán kejì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi ọmọ náà: "Ta ni mo bá jà tí n kò fi lè wo ojú rẹ̀?"

N kò bínú pé olùkọ́ náà kọ́ ọmọ ní òfin. Ohun tí mo takò ni pé ó pe òfin ilé kan ní òfin gbogbo ayé, ó sì pe òfin ilé tiwa ní àìmọ̀kan.

Òfin tí ó ń sọ ni òfin ìdá mẹ́ta: kí a pín àwòrán sí ọ̀nà mẹ́ta ní òòró àti ní ìbú, kí a sì gbé ohun tí ó ṣe pàtàkì sí orí ìlà tí ó pín in, kì í ṣe sí àárín. Níbo ni ó ti wá? John Thomas Smith, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fún un ní orúkọ yìí nínú ìwé tí ó kọ lórí àwòrán ìgbèríko ní 1797. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, ni ó ń sọ. Kámẹ́rà tí ń ya fọ́tò kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1839 ni wọ́n kéde ọ̀nà Daguerre ní ilẹ̀ Faransé. Ìmọ̀ràn rere ni fún ẹni tí ń ya pápá àti odò. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ ìyá ìyá wa di pápá?

Tiwa náà ní ìdí. Stephen Sprague, ayàwòrán àti olùwádìí ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1978 lórí fọ́tò yíyà láàárín àwọn Yorùbá. Ó ṣe àkíyèsí ìjókòó yìí gan-an: ara tí ó nà ró, ojú tí ó kọjú síwájú, ojú méjèèjì tí ó hàn, ọwọ́ lórí orúnkún. Ó sì so ó mọ́ ohun tí àwọn òǹwòye ère wa ti sọ fún Robert Farris Thompson, ẹni tí ó tẹ ọ̀rọ̀ wọn jáde ní 1973. Ẹ gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà: jíjọra, kí ère jọ ènìyàn láìjẹ́ pé ó jọ ọ́ jù, ìfarahàn, kí gbogbo ẹ̀yà ara hàn kedere, dídán, kí ara rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀, gígún, kí ó dúró ṣánṣán, dídọ́gba, kí ọ̀tún má ju òsì lọ. Ẹnu àwọn tí ó mọ ère ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti jáde. Àìmọ̀kan ha ni èyí?

Síbẹ̀ àwọn kan yóò ní Yorùbá kò ní èdè tí a fi lè kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ dákun, ẹ mú ìlà, ìrísí, ìmọ́lẹ̀, òjìji, àwọ̀ àti àyè. Èwo ni kò sí lẹ́nu wa? Wọ́n ń fi wá ṣe ẹ̀sín pé orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré ni ìpìlẹ̀ èdè wa: funfun, pupa, dúdú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pe aṣọ aró ní dúdú ti fi ẹnu sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ àwòrán aláìláwọ̀ ń fi oṣù kan kọ́: kí a kọ́kọ́ wo bí nǹkan ti mọ́lẹ̀ tó tàbí bí ó ti ṣókùnkùn tó. Ẹ gbé àrán àti ẹtù tí a lù sínú oòrùn kan náà: àrán yóò mu ìmọ́lẹ̀, ẹtù yóò dá a padà. Ẹ̀kọ́ lórí ara nǹkan ni ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ àtúnṣe àrà ni ẹ ń wá, ẹ wo àdìrẹ Ìbàdàn-dùn, níbi tí òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ti ń tẹ̀ léra wọn pẹ̀lú ṣíbí.

Ẹ tún wo iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014), ọmọ ilẹ̀ Edo tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó. Láti 1968 ni ó ti ń ya àrà irun àwọn obìnrin, onílé gogoro wà lára wọn, títí tí wọ́n fi tó nǹkan bí 1,000. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, ní dúdú àti funfun, níwájú ohun tí kò ní àrà kankan. Níbo ni ó sábà máa ń gbé orí náà sí? Àárín ni! Kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ sọ pé àwọn àwòrán náà kú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo àwòrán tí ènìyàn jókòó sí àárín rẹ̀ ni ó dára. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fọ́ ojú, tí òpó iná sì hù láti orí ènìyàn, gígún kò lè gba ayàwòrán là. N kò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ìdánwò ń dúró dè é. Kí ó kọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ó mọ ìdí tí ó fi gbé ènìyàn sí àárín, kí ó sì mọ ìdí tí ó fi gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí, òfin ni ó ń ya àwòrán fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó wá owó kámẹ́rà tuntun, ẹ fi fóònù ọwọ́ yín ya aṣọ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Lójoojúmọ́, ẹ fi Yorùbá kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá lè pè ní orúkọ, bóyá ẹ kò tíì rí i.

Ní ti ọmọ àdúgbò wa, àwòrán kejì ni ó gba máàkì. Èkíní ni màmá ní kí wọ́n fi sí férémù, òun ni ó sì wà lára ògiri pálọ̀ wọn títí di òní.

Ire o.