Ohun tí Ẹ Bá Fún Táyé, Ẹ Fún Kẹ́yìndé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò bá ènìyàn nìkan wí. Mo ti rí ibi tí a ti dá bátìrì lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, tí ó sì kù díẹ̀ kí owó fírídọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ bá ẹjọ́ náà lọ.

Ní ọdún 2020 ni. Ilé ìwé gíga wa wà ní títì, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ajégúnlẹ̀. Àbúrò màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Onítírélà, wà lórí ìlà ní Creek Road ní Àpápá, ó ń retí ìgbà tí yóò kàn án láti wọ èbúté. Ẹni tí ó bá mọ Àpápá nígbà náà yóò mọ̀ pé awakọ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lórí ìlà. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ní òkè òkun, àwọn ènìyàn a máa ra mọ́tò tí ó ní ibùsùn àti ilé ìdáná láti fi gbafẹ́. Ní Àpápá, kò sí ìgbafẹ́ níbẹ̀. Ìlà ni ó sọ tírélà di ilé.

Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ alẹ́ lọ fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá Bọ̀dá níbi tí wọ́n jókòó ti táyà, tí wọ́n lejú koko. Ìlà ti sún ní aago mẹ́ta òru, ọkọ̀ wọn kọ̀, kò dáhùn. Kí awakọ̀ mìíràn tó fi bátìrì tirẹ̀ bá wọn jí i, tírélà mọ́kànlá ti kọjá wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

"Bátìrì ti kú," ni wọ́n wí. "Méjì tuntun ni n ó rà lọ́la."

Mo mọ owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Owó tí Sìkírá, àkọ́bí wọn, fẹ́ fi gba fírídọ̀mù iṣẹ́ aránṣọ ni. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe Bàbá Réwáyà wá láti Ajégúnlẹ̀.

Bàbá dé pẹ̀lú mítà kékeré kan. Wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ bi wá: "Láti ìgbà wo ni ẹ ti pa ẹ́ńjínnì?" Bátìrì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná a máa parọ́ fún mítà. Ó ní láti sinmi fún wákàtí díẹ̀ kí ó tó lè sọ òtítọ́. Bí ó bá sinmi tán, bátìrì tí ó kún a fi fọ́ọ̀tì bíi 12.6 hàn, èyí tí ó bá wà ní 12 tàbí tí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ebi ń pa á gidi.

Fọ́ọ̀tì 24 ni tírélà ń lò, nítorí náà bátìrì méjì ni a so pọ̀. Bàbá wọn méjèèjì pọ̀, wọ́n rí 24.1. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan jẹ́ 12.7, èkejì jẹ́ 11.4. Ọ̀kan yó kẹ́ri, òǹgbẹ ń gbẹ èkejì.

Wọ́n tẹ̀lé wáyà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ti orí bátìrì tí ebi ń pa wọ inú ọkọ̀. Fáànù, rédíò àti ṣájà fóònù ni ó wà ní ìdí rẹ̀.

"Ìbejì ni àwọn méjèèjì yìí," ni Bàbá wí. "Táyé nìkan ni ẹ ń rán níṣẹ́ lóru, oúnjẹ kan náà ni ẹ sì ń fún àwọn méjèèjì lọ́sàn-án. Táyé kò yó rí. Kẹ́yìndé ń jẹ àjẹkì. Ohun tí ẹ bá fún Táyé, ẹ fún Kẹ́yìndé."

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Fáànù oníwáàtì 24 ń gba ámpù 2 lórí fọ́ọ̀tì 12. Láàárín wákàtí 10, ó ti mu 20. Bátìrì tí a fi ń ṣí ọkọ̀, agbára ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni a ṣe é fún, kì í ṣe iṣẹ́ àṣemọ́jú. Láti ìgbà tí Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ ní 1859, àìsàn rẹ̀ kò yí padà: bí ebi bá pẹ́ lára rẹ̀, ìpẹ́ funfun a mú òjé inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná dáadáa mọ́. Èyí tí ó ń jẹ àjẹkì ní tirẹ̀, omi inú rẹ̀ a máa gbẹ.

A gbé Táyé lọ sọ́dọ̀ aṣájì ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n rọra ṣájì rẹ̀ mọ́jú, ó sì padà sí 12.6. Bàbá fa wáyà pupa náà yọ, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tí ń sọ fọ́ọ̀tì 24 di 12 síbẹ̀, kí fáànù lè máa gba lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Owó rẹ̀ kò tó ìdámẹ́wàá owó bátìrì tuntun. Wọ́n tún kìlọ̀ pé bí Bọ̀dá bá rí owó, kí wọ́n wá bátìrì ọ̀tọ̀ fún fáànù, kí ti ẹ́ńjínnì má baà dá sí ọ̀rọ̀ oorun.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yin tí ẹ ní ínfátà nílé, tí ẹ so gílóòbù mọ́ ọ̀kan nínú bátìrì méjì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ wọn bátìrì yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọ ìdọ̀tí orí wọn, ẹ dì wọ́n le. Ẹ wọ̀n wọ́n nígbà tí ẹ́ńjínnì ń ṣiṣẹ́: bí ọkọ̀ kékeré kò bá tó 13.8, tàbí tí tírélà kò tó 27.6, alternator ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí fíúsì bá já, ẹ wá ohun tí ó já a. Ẹ má fi wáyà dípò rẹ̀, iná ni ẹ ń pè wọlé.

Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni ètò ìpè tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀ ní èbúté, pé kí awakọ̀ dúró ní páàkì títí yóò fi kàn án. Ṣùgbọ́n Sìkírá ti gba fírídọ̀mù kí ìyẹn tó dé. Aṣọ àǹkárá tí mo wọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti wá.