Nígbà Tí Itọ́ Bá Gbẹ Lẹ́nu



Màmá kan wà nínú ìjọ wa l'Ágége, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan l'ọ́nà Ọba Akran. Akọrin ni. Nígbà tó yá, orin kò jáde mọ́: ahọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, búrẹ́dì kò ṣeé gbé mì láìsí tíì, eyín àtọwọ́dá sì ń dá egbò sí i lẹ́rìgì. Èmi gan-an rò pé ààwẹ̀ ló pọ̀ jù. Àṣé màmá kì í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní Sátidé àti Sunday mọ́, kí ó lè kọrin! Ọjọ́ tí òòyì gbé e ṣubú ní ìpàdé àdúrà la tó mọ̀.

Kò kúkú parọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀, a máa dín itọ́ kù. Oògùn ara yíyún bíi Piriton náà ń ṣe é. Àtọ̀gbẹ ń fà á, ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn sì lè ba orísun itọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ló ń pààrọ̀ oògùn, a kì í dá a dúró fúnra ẹni.

Itọ́ tí à ń fojú tín-ín-rín yìí tó ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀ lójúmọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò tètè jẹ eyín, òun ló sì ń mú eyín àtọwọ́dá dúró lẹ́rìgì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé dókítà eyín lè sọ eyín àtọwọ́dá náà di ìkòkò omi. Wọ́n á fi àyè sínú rẹ̀, wọ́n á rọ itọ́ àtọwọ́dá sí i, yóò sì máa ro díẹ̀díẹ̀ láti ihò tín-ín-rín fún wákàtí mélòó kan. Ojoojúmọ́ la gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ihò á dí. Fún ẹni tí orísun itọ́ rẹ̀ kò tíì kú tán, ohun èlò mìíràn wà tí wọ́n ń fi sẹ́nu, tó ń fi iná mànàmáná tí kò tó nǹkan ta iṣan jí kí itọ́ lè sun. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ìwọ̀nyí. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka eyín ní LASUTH n'Íkẹjà, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Ẹ ó ní, pákò ńkọ́? Orín àtà a máa fa itọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí kò léyín yóò fi rún un?

Ti màmá kò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ oògùn rẹ̀, wọ́n tún eyín náà ṣe, wọ́n ní kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ó ti padà sáàárín akọrin. Bí ẹ bá rí ike omi lábẹ́ àga rẹ̀, mo ti sọ fún àwọn ọ́ṣà kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.